Ẹni Tó Dákú: Èémí Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa tó ní àtọ̀gbẹ dákú lóru. A da omi sí wọn lórí, a fi ṣíbí la ẹnu wọn kí a lè bu àgbo sí i. Ọ̀kadà la fi gbé wọn dé ọsibítù, èmi ni mo dì wọ́n mú lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ béèrè àìsàn tó ń ṣe wọ́n. Ó fa itọ́ ẹnu wọn, ó sì gún wọn níka. Kí ló dé? (Láti Ìyàrà)

ÌDÁHÙN: Nọ́ọ̀sì yẹn mọṣẹ́. Ní yàrá pàjáwìrì, èémí ni wọ́n ń kọ́kọ́ tọ́jú, orúkọ àìsàn lè dúró. Bí ènìyàn bá dákú, ahọ́n rẹ̀ á ṣubú sẹ́yìn, á dí ọ̀nà ọ̀fun, kò sì ní lè gbé nǹkan mì mọ́. Àgbo tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó di àìsàn kejì. Ṣíbí lè ká eyín, kí eyín náà já sí ọ̀fun.

Ọ̀kadà burú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá gbé e jókòó sáàárín yín, orí rẹ̀ á sọ kọ́ sí àyà, ọ̀nà èémí á pa dé, ẹni tó dì í mú lẹ́yìn kò sì ní rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ ká orúnkún tòkè kó má bàa dojú bolẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí ẹnu kọjú sílẹ̀ díẹ̀ kí èébì lè ṣàn jáde.

Ṣúgà ni wọ́n ń wá níka. Bó bá wá sílẹ̀ ju 70 mg/dl lọ, wọ́n á fi dextrose 50% (omi ṣúgà tó ki) mílílítà 50 sí iṣan rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, torí bó bá jò síta iṣan, á jó ẹran ara. Wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bàbá lè lajú kíákíá, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ẹbí ti máa ń ní kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lọ sílé. Ẹ má ṣe é! Bó bá jẹ́ glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, ni wọ́n ń lò, oògùn náà lè ṣiṣẹ́ nínú ara fún wákàtí 24, pàápàá bí kíndìnrín bá ti ń ṣàárẹ̀, ṣúgà á sì tún já. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, títí kan ìgò àgbo.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ọ́síjìn á tó wa dé Lọ́kọ́ja? (Láti Kàbà)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣírò rẹ̀ kí mọ́tò tó ṣí. Sílíńdà E, ìyẹn sílíńdà ọ́síjìn kékeré tó ṣeé gbé, gba nǹkan bíi líta 680 bó bá kún. Bí aláìsàn bá ń lo líta 10 níṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 68 lẹ ní. Bí géèjì bá wà ní ìdajì, 34 péré. Tírélà sìmẹ́ńtì lè há yín mọ́ Ọbájànà, nítorí náà ẹ gbé ìlọ́po méjì ohun tí ìrìn náà gbà. Bó bá di pé ẹ ń fọwọ́ tẹ àpò èémí fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ti tó. Ìbẹ̀rù ló ń jẹ́ kí a máa tẹ̀ ẹ́ ní wàrà-wàrà. Afẹ́fẹ́ á wọ ikùn, èébì á tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn á sì dín kù. Làálì dúdú lórí èékánná lè jẹ́ kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣì í kà. Ẹ wá ìka tí kò ní.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹni tí wọ́n bá ti gbé sórí ẹ̀rọ amúnimí ní ICU (yàrá ìtọ́jú àkànṣe) ti kú náà nìyẹn? (Láti Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ (polio) jà ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, lọ́dún 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ fún aláìsàn tọ̀sán-tòru, ọ̀pọ̀ sì yè. Ibẹ̀ ni ICU ti ṣẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń mí fún un kí ẹ̀dọ̀fóró lè sinmi ni. Ẹ wò ó bóyá wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye ìtọ̀ rẹ̀: ẹni kílò 60 yẹ kó tọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan. Bí ara bá ti ń gbà á, ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa dín oògùn oorun kù láti wò ó bóyá ó ti lè dá mí.