Ó di àrìnnàkò: kí là ń sọ gan-an lójú oórì?

Obìnrin kan tó ń gbé Ìlọrin ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi. Ọmọ Ìgbómìnà ni, apá Òmù-Àrán ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá. Bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbọ́ tí àgbà obìnrin kan ń sọ pé, "Ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá." Kò kọbi ara sí i. Bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó wà lọ́jà Ìpàta, wọ́n ń wọn tàtàṣé fún un lọ́wọ́, ló bá rí ẹ̀yìn obìnrin kan níwájú. Ìrìn ìyá rẹ̀ ni. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ki etí ìró bọ ẹ̀gbẹ́ nìyẹn, gèlè sì tẹ̀ sápá òsì bíi tìyá rẹ̀. Ó fi ata sílẹ̀, ó gbá tẹ̀ lé e, ó ń pè é, "Ìyá mi! Ìyá mi!" Obìnrin náà ò bojú wẹ̀yìn. Ó yà sáàárín àwọn alágbàrù, kò sì rí i mọ́. Nígbà tó délé tó ròyìn, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin dá a dúró pé, "Ta ló ní kó o máa lé e? Ṣé wọn ò ti sọ fún ẹ pé ó di àrìnnàkò ni?"

Ohun tó ń fẹ́ mọ̀ nìyí: kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí? Ṣé èèwọ̀ lòun ṣe? Kí ni kí òun sì ṣe sí aṣọ ìyá òun tó ṣì wà nínú àpótí?

Àbúrò mi, wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ná. Rírìn wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀, kíkò sì wà níbẹ̀. "Kò" yìí ni a ń lò tí a bá ní "mo kò ó lọ́nà Ajásẹ̀". Ìwọ ń lọ, òun ń bọ̀, ẹ kora yín. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sẹ́nì kejì. Bí mo bá fi fóònù pè ọ́ pé ká ríra ní Póòsì Ọ́fíìsì láago mẹ́rin, a ti dá ìpàdé nìyẹn, kò ní àrìnnàkò nínú mọ́. Ohun tí àbúrò bàbá rẹ ń bú ọ sí kò ju èyí lọ. Kò sọ pé ìyá rẹ kọ́ lo rí, kò sì sọ pé òun ni. Ó ní àrìnnàkò kì í ṣe ohun tí à ń lé. Bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé e, o ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Tún wo "ó di" tó ṣáájú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó ní "ó dàárọ̀ o". Bí a bá ń kúrò lọ́jà, a ó ní "ó dọ̀la" tàbí "ó di ọjọ́ ọjà". Ohun tí a ń fi "ó di" sọ ni ìgbà tàbí ibi tí a tún máa fojú kanra. Nítorí náà, àgbà obìnrin tó wà lójú oórì kò sọ fún ìyá rẹ pé "a ò ní rí ọ mọ́". Ó dágbére fún un bí a ṣe ń dágbére fún ẹni tó ń re ìrìn àjò. Gbére tó kọ́kọ́ pè ni èyí tí kò lọ́jọ́. Lẹ́yìn èyí ló wá dárúkọ ibi méjì tí ojú ṣì lè kan ojú: ojú ọ̀nà àti ojú àlá. Kò fi ẹnu ọ̀nà ilé sí i, kò fi ìdí ààrò sí i, kò sì fi orí ẹní sí i. Mo rò pé bí wọ́n ṣe yọ ilé kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe.

Orin arò tí gbogbo wa mọ̀ náà kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Bó o dọ́run, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ." Àwọn èèyàn máa ń rò pé àánú òkú ló ń ṣe wá ká má bàa jẹ kòkòrò. Àánú wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orin náà tún ń ya àwo sọ́tọ̀. Tìrẹ wà lọ́hùn-ún, tiwa wà níhìn-ín. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé "Ṣé o jẹ ńkan lọ́wọ́ wọn?" bí obìnrin bá jí pé òun rí ìyá òun lójú àlá. Bó bá ní rárá, ara á tu gbogbo ilé. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn a gbàdúrà, wọn a sì ṣe sàráà kí oòrùn tó kanrí.

Nínú ohun tí òkú máa ń gbé fúnni lójú àlá, ọmọ nìkan ni wọn ò kà sí ewu. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ ọ́ fún wa títí ó fi kú pé, nígbà tóun wà nínú oyún oṣù kẹta, ìyá òun wọlé lójú àlá, kò sọ nǹkan kan, ó gbé ọmọ pọ̀n ọ́n lẹ́yìn, ó so ọ̀já fún un, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé lọ. Obìnrin ló bí. Wọn ò tíì dá Ifá, wọn ò tíì pe àlùfáà, gbogbo agboolé ti ń pe ọmọ náà ní Ìyábọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti di ìyá àgbà báyìí, ó sì máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò mọ ẹni tí wọ́n ní òun jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìyẹn gbà á lọ́wọ́ pàṣán láìmọye ìgbà.

Tí ọkọ tó kú bá ń wá bá opó lójú àlá, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, wọn kì í fi ṣeré. Nílé wa, wọn ò ní jẹ́ kí opó dá sùn títí opó ṣíṣe á fi parí, ìbáà jẹ́ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí Mùsùlùmí ń ṣe tàbí iye ọjọ́ tí agboolé bá là.

O wá béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹnu obìnrin ni irú ìròyìn báyìí ti máa ń wá jù. Mo ti rò ó tipẹ́, èrò tèmi nìyí. Nílẹ̀ Ìgbómìnà, òkú lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un. Bí ọdún eégún bá dé, ará ọ̀run á jáde lọ́sàn-án gangan, a ó kúnlẹ̀, a ó kì í, á fi ohùn ṣíṣe dá wa lóhùn, á súre fún wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ni ìgbàlẹ̀. Láwọn ìlú kan, Ìyá Àgan nìkan ni obìnrin tó lẹ́nu níbẹ̀, àwa yòókù, ẹnu la fi ń kì í, ojú la fi ń wò ó. Ọkùnrin ló mú ìpàdé tó lọ́jọ́, tó láṣọ, tó ní ìlù. Àrìnnàkò, tí kò lọ́jọ́, tí kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni, ló kù sọ́wọ́ wa. Àwa náà sì ni ẹsẹ̀ wa ń gbé ojú ọ̀nà jù, láti ọjà yìí dé ọjà tọ̀hún.

Ọjà náà ò sì ṣàì ní tirẹ̀. Ayé lọjà, ọ̀run nilé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ará ọ̀run máa ń wá ná ọjà. Wọ́n ní bó o bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjà, tó o wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, wàá rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Mo dán an wò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ajá kan àti ìgbátí ìyá mi ni mo rí.

Ìlọrin tó o wà yẹn ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oríkì ìlú náà sọ ọ́: ìlú tóbi tó yìí, wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Àlùfáà tó o bá bi léèrè níbẹ̀ á ṣí Kùránì fún ọ, Súrà kẹtàlélógún, ẹsẹ ọgọ́rùn-ún, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gàgá tó wà lẹ́yìn àwọn tó ti kú títí di ọjọ́ àjíǹde. Ẹni tó wà lẹ́yìn gàgá kì í wá ra ata. Á ní àlùjànnú ló gbé àwọ̀ ìyá rẹ wọ̀. Pásítọ̀ rẹ ní ẹ̀mí àìmọ́ ni, ó sì ní kó o gbààwẹ̀. Àwọn méjèèjì ò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun púpọ̀, àmọ́ wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ní ilé ọkọ mi ní Alànàmú, ilé àwọn àlùfáà paraku, bí obìnrin ilé bá lálàá rí ìyá rẹ̀, tí wọ́n bá ti là á fún un pé àlùjànnú ni, yóò dìde, yóò din àkàrà, yóò pín in fún àwọn ọmọ kéékèèké, yóò sì dárúkọ ìyá rẹ̀ sí i. N kò rí àlùfáà tó dá a lẹ́kun rí, àwọn náà ń jẹ nínú àkàrà yẹn.

Bóyá àkúdàáyà ló ń bà ọ́ lẹ́rù, torí o fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Èmi ò rò pé òun lo rí. Àkúdàáyà kì í ṣe ẹni tí a kò lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó kú síbì kan ni, tó wá lọ tẹ̀dó sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣòwò, tó fẹ́yàwó tàbí tó lọ́kọ, tó bímọ. Ọjọ́ tí ará ìlú rẹ̀ bá fojú kàn án ló máa pòórá. Nínú ìtàn rẹ̀, obìnrin ni ìyà máa ń jẹ: ìyàwó tó jí láàárọ̀ tí kò bá ọkọ mọ́, tí àwọn àlejò wá ń sọ fún un lójú agbo pé òkú ọdún mẹ́ta ló ń se ọbẹ̀ fún.

N ó sọ ti inú mi. Àwọn ará Ọ̀ffà, àwọn ará Ìlọrin àti ọ̀pọ̀ nínú tiwa fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ ṣòwò ní Gánà. Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Bùsíà níbẹ̀ fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré pé kí wọ́n káńgárá wọn. Wọ́n ya wálé. Ẹni tí ilé ti ṣòfọ̀ rẹ̀ tán lè sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú ìyàwó kejì. Ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó sá fún ìyàwó ilé, kò burú fún un kí wọ́n máa pè é ní òkú. Bí ará ilé bá rí i lọ́jà Kúmásì, kò sí ọgbọ́n tó yá ju kó pòórá lọ. Mi ò sọ pé gbogbo àkúdàáyà ló rí báyìí. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń se ọbẹ̀ yẹn, bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa béèrè ohun tó jẹ ní gbèsè kí n tó béèrè ọjọ́ tó kú.

Nítorí náà, o ò ṣe èèwọ̀ kankan. O pe ìyá rẹ ní ìyá, ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Bó bá tún ṣẹlẹ̀, dúró síbi tó o wà. Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé kíkí inú ti tó. Kí i nínú rẹ, jẹ́ kó máa lọ síbi tó ń lọ, kó o sì sanwó tàtàṣé rẹ.

Aṣọ náà kò le. Ó ti ju ogójì ọjọ́ lọ. Kó wọn jáde nínú àpótí, gbọ̀n wọ́n, sá wọn sóòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Fún àbúrò bàbá rẹ ní ìró kan níbẹ̀, torí ó dà bíi pé òun náà ń wá a. Gèlè yẹn, wé e fúnra rẹ. Tó bá sì tẹ̀ sápá òsì, má tún un ṣe.