Ṣé dandan ni kí receiver tó mọṣẹ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà?

Dandan ni, pàápàá fún ẹgbẹ́ tó bá gbójú lé jíju bọ́ọ̀lù. Receiver ni ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, bá jù. Bí ẹyọ kan péré bá dáńtọ́, èèyàn méjì ni àwọn adènà yóò fi ṣọ́ ọ. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá mọṣẹ́ ńkọ́? Ta ni wọ́n fẹ́ ṣọ́, ta ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀?

Ẹ wo ẹgbẹ́ Green Bay Packers nínú Super Bowl, àṣekágbá líìgì Amẹ́ríkà, oṣù Kejì ọdún 2011. Ọrùn ẹsẹ̀ Donald Driver, àgbà nínú àwọn receiver wọn, rọ́ kí eré tó dé ìdajì, kò sì lè padà wọlé mọ́. Síbẹ̀, Jordy Nelson, receiver mìíràn, gba bọ́ọ̀lù 9 tó sún ẹgbẹ́ síwájú ní 140 yáàdì, Greg Jennings gba méjì wọlé fún touchdown (bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá alátakò), wọ́n sì na Pittsburgh Steelers ní 31 sí 25.

Nelson yìí kan náà ló wá di òpó ilé. Nígbà tí iṣan orúnkún rẹ̀ já ní oṣù Kẹjọ 2015, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, yáàdì tí Aaron Rodgers, quarterback wọn, jù lódún náà wálẹ̀ láti 4,381 ti ọdún 2014 sí 3,821. Ọwọ́ Rodgers kọ́ ló bàjẹ́ o. Lójú tèmi, ẹni tó máa ń sá kọjá lẹ́yìn àwọn adènà ni kò sí. Nelson padà lọ́dún 2016, ó gba touchdown 14, Rodgers sì ju 4,428 yáàdì.