Fílìn tó yọ lẹ́yìn root canal: ẹ bi wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ kẹ́yìn

Àǹtí wa tó béèrè láti Ìjàpọ̀, ẹ ní wọ́n ṣe root canal fún yín, ìyẹn fífọ inú gbòǹgbò eyín kí wọ́n tó dí i, fílìn tí wọ́n fi dí òkè rẹ̀ yọ, dókítà ní egungun lẹ fi fọ́, ẹ wá kà níbì kan pé oògùn tí wọ́n fi ń fọ inú eyín ló ń fà á, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ ní kí wọ́n má lò ó mọ́. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra, torí ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn ní Àkúrẹ́ níbí. Egungun kẹ̀! Èmi tí mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹ ẹ̀kọ tútù pàápàá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ẹ̀yin náà ti mọ̀, abẹ́rẹ́, wọ́n á lu ihò, wọ́n á kó iṣan tó ti kú jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dí i. Omi tí wọ́n sábà fi ń fọ̀ ọ́ ni sodium hypochlorite, òun náà ló wà nínú bíliìṣì tá a fi ń fọ aṣọ funfun, ti eyín máa ń wà láàárín ìdá 0.5 sí 5.25 nínú 100. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ o, òun ló ń pa kòkòrò, òun ló ń jẹ ẹran tó ti rà níbi tí irin wọn ò lè dé, torí náà ẹ má ní kí wọ́n má lò ó. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọ́síjìn sílẹ̀ lára eyín, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ fílìn funfun kì í sì í le dáadáa níbi tí ọ́síjìn bá wà, ó tún ń ba kọ́lájìn, àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín inú eyín, jẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́lájìn yẹn ni gọ́ọ̀mù fẹ́ dì mú. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán tí wọ́n lẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà téèyàn lẹ bébà mọ́ ògiri tó ṣì tutù ni.

Èmi, wọn ò ta rọ́bà yí eyín mi ká rárá, omi bíliìṣì yẹn ń ṣàn lọ sọ́nà ọ̀fun mi, mo ń ju ọwọ́, nọ́ọ̀sì ní kí n fara balẹ̀. Wọ́n fi fílìn onígbà díẹ̀ sí i, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo dé'bẹ̀, wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀. Fílìn yẹn ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, itọ́ ń wọlé, mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú kiri Alágbàká, òru ò ṣeé sùn, ó ń sọ kìì kìì dé etí. Fílìn onígbà díẹ̀ yẹn, ó yẹ kó nípọn tó mílímítà 4, kò sì yẹ kó pẹ́ lẹ́nu, ẹni tó sọ fún mi dà? Nígbà tí wọ́n wọlé sẹ́nu iṣẹ́ wọ́n ní kí n lọ gba káàdì tuntun, kí n tún owó san, wọ́n fi síríǹjì fọ̀ ọ́ wéréwéré, wọ́n lẹ ti funfun lé e níjókòó kan náà. Iyán lásán ni mo ń jẹ tó fi yọ. Mo yí i padà, abẹ́ rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń dán, kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn rárá. Dókítà mìíràn tó wò ó ló ṣàlàyé fún mi pé gọ́ọ̀mù ò mú látilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ta epo kànáfùrù sínú ihò eyín, ẹ sọ fún dókítà kó tó lẹ nǹkan kan, torí eugenol inú rẹ̀ náà kì í jẹ́ kí fílìn funfun le. Omi bátìrì àti bíliìṣì ilé, ẹ má dán an wò láéláé, ẹran ẹnu ló máa bó.

Ẹ bi wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. EDTA, omi oògùn kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 17 nínú 100, ló ń kó ìdọ̀tí tí irin fi pa ògiri inú eyín, kí èyí tí wọ́n fi ń dí gbòǹgbò lè wọ àwọn ihò tín-tìn-tín. Chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, náà dáa, ṣùgbọ́n tó bá pàdé hypochlorite á di nǹkan aláwọ̀ ìpẹtà tó ń dí ihò wọ̀nyẹn pa, wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi dírípù ṣàn án láàárín méjèèjì, kí wọ́n sì gbẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù yẹn, kí wọ́n sún un síwájú fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n fi fílìn onígbà díẹ̀ tó nípọn dí i dáadáa, tàbí kí wọ́n fi sodium ascorbate, tó jẹ́ ìran fítámì C, fọ ojú rẹ̀ kí wọ́n tó lẹ ẹ́. Tí wọ́n bá bínú pé ẹ ń béèrè, ẹ dìde, wọ́n ń kọ́ dókítà eyín ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní Oǹdó, Oǹdó ò jìnnà.

Èyí tó yọ yẹn, ẹ wé e sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ mú un dání, kí wọ́n yí abẹ́ rẹ̀ wò. Kí wọ́n sì ya X-ray kí wọ́n tó lẹ òmíràn, torí tí itọ́ bá ti wọlé pẹ́, inú gbòǹgbò ni wọ́n máa tún fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.