Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ ga, ẹ wo abẹ́ rẹ̀

Ẹ kú oríire ọkọ̀. Ọkọ̀ náà yóò tù yín lára, yóò sì mú owó wọlé. Ẹ ní Hilux tòkunbọ̀ tí ó ń lo dísù ni ẹ rà, pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ ó ti máa wà á lọ sí oko kòkó yín lẹ́yìn Ifẹ̀tẹ̀dó, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ gbé e ga ní ínǹṣì 4, kí ẹ sì fi táyà ńlá sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì ṣe é. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi irú ọkọ̀ yìí kó kòkó láti àwọn abúlé tí ó wà lẹ́yìn Ìwàrà àti Ìpẹ̀rìndó wá sí Iléṣà. Gbígbé ọkọ̀ ga ni èmi náà kọ́kọ́ náwó lé, kò sì sí owó kan tí mo ná sórí ọkọ̀ náà tí ó dùn mí tó o.

Nígbà tí wọ́n bá fi sípíríǹgì tí ó gùn sí iwájú ọkọ̀, tí wọ́n sì fi irin kún abẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn, ara ọkọ̀ nìkan ni ó gòkè. Ilé jíà ẹ̀yìn, ìyẹn irin rìbìtì tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, kò kúrò níbi tí ó wà, nítorí orí táyà ni òun gbára lé. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó máa ń gbá òkìtì àárín ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ agbégẹdú bá ti gbẹ́ kòtò méjì sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Táyà nìkan ni ó lè gbé e kúrò nílẹ̀, ìdajì ohun tí táyà náà fi ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni yóò sì rí gbà. Bí ẹ bá kúrò lórí 265/70R16 bọ́ sórí 265/75R16, táyà yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 26 ga sí i, ṣùgbọ́n mìlímítà 13 péré ni ilé jíà yóò fi gòkè.

Ínǹṣì 3 ni mo gbé tèmi. Àwọn ọ̀pá tí ń yí táyà iwájú wá dà gẹ̀rẹ́ kọjá bí ó ti yẹ, rọ́bà tí ó bo oríkèé wọn sì fà títí ó fi ya kí oṣù mẹ́rin tó pé. Gírísì jáde, iyanrìn wọlé, oríkèé méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́kọ́kọ́ nígbàkígbà tí mo bá ń ṣẹ́rí. Rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn náà ti fà tàntàn kí mo tó rí i, ọ̀rọ̀ yẹn sì ṣì ń bà mí lẹ́rù di òní, torí pé òkè ni mo máa ń sọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Bí ẹ bá kó àpò kòkó mẹ́wàá sẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ ti gbé ga, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó fẹ́ dùbúlẹ̀ níbikíbi tí ọ̀nà bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ gbé e, ẹ má kọjá ínǹṣì 2.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù ni omi. Ní ọdún kan, nínú oṣù kẹsàn-án, mo ti rìn fún bíi wákàtí méjì kí n tó dé odò kékeré kan tí ó gba àárín ọ̀nà oko kọjá. Omi náà bo àárín táyà, ọkọ̀ tí ó wà níwájú mi há, èmi náà sì dúró nínú odò fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo jáde láyọ̀, mo délé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ọlọ. Nígbà tí a tú òróró ilé jíà, ó funfun bí tíì tí wọ́n da mílíìkì lé, àwọn béárìn sì ti dípẹtà. Odidi ilé jíà mìíràn ni mo rà, àárín ìgbà tí kòkó ń jáde gan-an sì ni, nígbà tí ọkọ̀ kì í sinmi.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí ọkọ̀ bá ti rìn jìnnà, ilé jíà á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ náà á sì gbóná. Bí ó bá wọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ náà á sún kì, á sì máa fa nǹkan wọlé láti ìta. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ihò èémí kékeré kan sí òkè rẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ pupa ti dí ti èmi pa, nítorí náà etí síìlì, ìyẹn rọ́bà tí ń dí òróró mọ́nú, ni omi gbà wọlé. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò tó owó táyà kan rárá: mo ní kí wọ́n yọ ìdérí ihò náà, kí wọ́n so rọ́bà páìpù tí ooru kò lè yọ́ mọ́ ọn, kí wọ́n fà á gòkè lọ sí ẹ̀yìn iná ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí omi kò lè dé. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé jíà iwájú náà, a sì fa tirẹ̀ lọ sí òkè ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì.

Láti ìgbà náà, bí mo bá la odò kọjá, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó rìn, mo máa ń dẹ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ilé jíà díẹ̀. Omi wúwo ju òróró lọ, nítorí náà bí omi bá wà níbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ kán. Bí òróró bá ti funfun, gbogbo rẹ̀ ni mo ń dà nù. Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ọ̀tì òkè tí a ń gbà bu òróró sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀, torí pé bí ẹ bá ti da òróró nù tán, tí ti òkè wá kọ̀ tí kò tú, ọkọ̀ ti há sílẹ̀ nìyẹn. Òróró jíà tí wọ́n kọ GL-5 80W-90 sí lára ni mo ń lò fún ẹ̀yìn, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí òjò bá dá.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, kí omi má ṣe dé ẹnu tí ó fi ń fa afẹ́fẹ́ láéláé. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá bọ́ sínú sìlíńdà lè tẹ irin. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọ odò wò kí ẹ tó fi ọkọ̀ wọ̀ ọ́.

Nípa táyà, èyí tí ojú rẹ̀ ní ihò ńlá tí ó lè tu ẹrẹ̀ dànù ni kí ẹ rà, ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ bá wá. Táyà tí ó tóbi jù máa ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju títóbi lọ. Lórí ọ̀dà, psi 32 ni mo ń lò. Tí mo bá dé ibi tí ọ̀dà parí, mo máa ń dín ti iwájú kù sí 20, ti ẹ̀yìn sí 25 bí ẹrù bá wà, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀, kí ó sì di í mú. Ẹ má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ 15, táyà lè bọ́ kúrò lára rímù. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ táyà láti ara bátìrì, kí ẹ lè fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun ọ̀dà. Bákan náà, kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀ ni kí ẹ ti fi ọkọ̀ sí H4, níbi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fa ọkọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ó bá há. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ẹ dá a padà sí H2, níbi tí ti ẹ̀yìn nìkan ti ń ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa lọ́ jíà mọ́ra wọn.

Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Mo ń yẹ fíltà afẹ́fẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí ẹ tó tún lọ sí oko ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ dùbúlẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, kí ẹ wo òkè ilé jíà. Ẹ ó rí ohun kékeré kan tí ó yọ sókè bí ìdérí ìgò; ìdérí ihò èémí nìyẹn. Ẹ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ dáadáa, ẹ tú u, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn gbà á kọjá láti ìsàlẹ̀. Bí atẹ́gùn kò bá jáde, ẹ má ṣe fi ọkọ̀ náà wọ odò kankan títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.