Bí wọ́n bá jí ará Àgbádárìgì gbé ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣé kí ìjọba san owó ìtúsílẹ̀?

Rárá. Ìpinnu 2133 ti Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (2014) ní kí ìjọba má jẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ agbésùnmọ̀mí. Amẹ́ríkà kì í san án, àmọ́ láti 2015 ó ti ní òun kò ní pe ẹbí tó bá san án lẹ́jọ́; ìyẹn bọ́gbọ́n mu.

Ọlọ́pàá wa kò láṣẹ kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọlọ́pàá ilẹ̀ Benin ló ni ìwádìí. Kí aṣojú ìjọba wa ní Kútọnu máa tọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́. Nílé, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa gbé fóònù ajínigbé: bí ẹni mẹ́ta bá ń dúnàá-dúrà, owó á kàn máa lé sí i ni. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni tí wọ́n jí gbé nìkan lè dáhùn, kí ó lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè.