Èsì: Ṣé oúnjẹ lè mú kí ọkàn ẹni wúwo?

Àbúrò, o ní kọfí àti búrẹ́dì nìkan lo fi ń gbé ọjọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), inú rẹ sì ń bàjẹ́ láìnídìí. Oúnjẹ lè lọ́wọ́ sí i. Nínú ìwádìí Ọsirélíà kan tó jáde ní 2017, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 12 ran àwọn tó ní ìsoríkọ́ lọ́wọ́ láti máa jẹ ẹ̀wà, ewébẹ̀, èso àti ẹja. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló bọ́ lọ́wọ́ ìsoríkọ́ náà. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń gba ìtọ́jú o, má ju oògùn rẹ nù!

Láàárọ̀, wá ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Lọ́sàn-án, ra ẹja tútù ní ọjà Wàǹdó, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà dáadáa. Sódábì (ògógóró) tí o ní ó ń mú ọ sùn? Fi í sílẹ̀. Oorun ọtí kì í pẹ́ já.