Iyán búkà ní Àkúrẹ́: ẹ kọ aago tẹ́ ẹ jẹun sí ẹ̀gbẹ́ máàkì yín

Ẹ̀yin àbúrò mi méjèèjì tẹ́ ẹ ń jẹ iyán káàkiri Àkúrẹ́, tẹ́ ẹ sì ń fún búkà ní máàkì, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ní ẹ jẹun ní búkà kan náà ní Alágbàká, ọ̀kan nínú yín fún un ní 3 nínú 10, èkejì fún un ní 8, ẹ wá ń bi wá pé ta ló tọ̀nà. Ẹ tún ní àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé ńṣe ni wọ́n fún ẹni tó kọ 8 ní ẹran ọ̀fẹ́. Ẹ fi ti ẹran ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ná. Ohun tí n kò rí nínú gbogbo àlàyé yín ni aago tẹ́ ẹ jẹun. Ẹni tó fún un ní 3, aago mélòó lo débẹ̀? Ẹni tó fún un ní 8 ńkọ́? Àbí ọjọ́ kan náà kọ́ lẹ lọ?

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ṣe irú nǹkan yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn lẹ́nu iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá, Alágbàká níbẹ̀ náà ni ọ́fíìsì wa wà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, ọmọ Òǹdó lòun. Láti Alágbàká dé Òkè-Àró, Ọjà Ọba, Ìsìnkàn, ọ̀nà FUTA, títí dé Yaba ní Òǹdó, kò sí irú bẹ́ǹṣì búkà tí a ò tíì jókòó lé. Owó àpò wa la fi ń jẹ ẹ́. A ti jẹ iyán tó mú orí wa wú, a sì ti jẹ èyí tó da inú rú fún wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó àti inú la fi rà á.

Ohun tó yé wa ni pé kò sí búkà tó ní máàkì kan ṣoṣo. Aago ló ni apá kan, oṣù ló ni apá kan, ẹni tó di ọmọ odó mú ló ni ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí aago. Ní ọ̀pọ̀ búkà tí a ti jẹun, aago 10 sí 11 àárọ̀ ni odó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n á gún un, wọ́n á bù ú, wọ́n á fi láílọ́ọ̀nù wé e níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tò ó sínú kúlà ńlá. Èyí tẹ́ ẹ bá jẹ kó tó pẹ́ nínú kúlà, iyán ni. Yóò fà, yóò dán, kò sì ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó bá wà níbẹ̀ di aago 4, ooru rẹ̀ ti di omi sínú láílọ́ọ̀nù, omi náà ti rin ín lára, ẹ̀yìn á rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, àárín á sì le. Ẹ máa tú láílọ́ọ̀nù náà fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí olóúnjẹ tú u fún yín. Bí omi bá kán sínú àwo bẹ́ ẹ ṣe ń tú u, ó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún á jẹ́ kí àtàǹpàkò wọlé, ojú ibẹ̀ á sì rọra pa dé díẹ̀. Èyí tó ti sùn nínú kúlà á là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ibi tó là á sì gbẹ.

Àwọn búkà kan wà tó ń gún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí iná lọ́tọ̀, isu lọ́tọ̀, owó agúnyán lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ kó gba máàkì fún un, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ bá odó lẹ́nu iṣẹ́ láago 5 ìrọ̀lẹ́. Ti ọjọ́ Sọ́ńdè tún yàtọ̀. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, èrò á ya wọ búkà, iyán ò ní pẹ́ nínú kúlà rárá, ṣùgbọ́n wọ́n á máa kánjú gún un, kókó á sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ ti Sọ́ńdè àti ẹni tó jẹ ti Túsìdeè lè máa bá ara wọn jiyàn títí láé, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ òótọ́.

Oṣù náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni isu tuntun máa ń wọ ọjà. Inú gbogbo wa máa ń dùn sí i, àmọ́ omi pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí iyán rẹ̀ fi máa ń rọ̀ tí kì í fà. Agúnyán tó mọṣẹ́ kò ní jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, kò sì ní ta omi sí i nínú odó bí kò bá pọn dandan. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, isu ti gbó, omi ara rẹ̀ ti dín, ìgbà yẹn ni iyán Àkúrẹ́ máa ń dùn jù lọ. Bó bá wá di oṣù kẹrin, ìkarùn-ún, isu tó kù lọ́jà ti ń hù, ó sì ti wọ́n gógó, yálà oko wa níhìn-ín ló ti wá tàbí Zaki Biam ní ìpínlẹ̀ Benue. Àsìkò yìí lẹ máa rí àwọn tó ń po gàrí tàbí ìyẹ̀fun inú páálí mọ́ iyán kó lè pọ̀. Ẹ máa dá a mọ̀. Òórùn isu kì í sí nínú rẹ̀, ó máa ń fà bíi rọ́bà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ eyín. Búkà tó bá gbé iyán gidi fún yín ní oṣù karùn-ún, tí kò sì po nǹkan kan mọ́ ọn, ẹ kan sáárá sí i. Ó ń ṣòótọ́ lásìkò tí òótọ́ ń ná an lówó.

Ẹni tó ń gún un wá ni àwọn tó ń fún búkà ní máàkì kì í bojú wò rárá. Orúkọ ìyá olóúnjẹ ló wà lára pátákó, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn ilé, nídìí odó, ọwọ́ wọn lẹ ń jẹ.

Búkà kan wà ní apá Òkè-Àró tí àwa méjèèjì fún ní 9 fún ìgbà pípẹ́. Ọkùnrin tó ń gún iyán níbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń gún un. A máa ń bọ́ sẹ́yìn lọ wò ó, ìyá olóúnjẹ ò sì bínú sí wa. Á kọ́kọ́ fi ọmọ odó tẹ isu náà díẹ̀díẹ̀, á fọ́ gbogbo rẹ̀ pátá láìgbé ọwọ́ sókè. Ìgbà tí kò bá sí ègé kankan mọ́ nínú odó ló tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kókó wà. Bí èèyàn bá ti gbé ọmọ odó sókè nígbà tí isu ṣì wà ní ègé-ègé, òmíràn á sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, á tutù síbẹ̀, isu tó bá sì ti tutù, bó o gún un títí di ọ̀la, kókó ni yóò dà. Abọ́ omi gbígbóná kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń ta omi náà sí i, kì í dà á. Bó bá yí iyán náà po nínú odó, ẹ óò gbọ́ bí ìró odó ṣe máa yí padà, kò ní máa dún kì-kì-kì mọ́, á wá máa dún pọ̀-pọ̀-pọ̀. Ìgbà yẹn ló jinná fún jíjẹ.

Nígbà tó yá, a débẹ̀ lọ́jọ́ kan, òkèlè tí a kọ́kọ́ bù, kókó. Èkejì, kókó. Ìyá kan náà, ọbẹ̀ kan náà, aago 12 ọ̀sán kọjá díẹ̀. A béèrè, wọ́n ní ọkùnrin náà ti gba iṣẹ́ ní búkà mìíràn ní ọ̀nà Òǹdó, wọ́n fi owó kún owó fún un níbẹ̀. A wá a lọ. Búkà tí kì í gba ju 5 lọ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ ni, ó gba 9 lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ fẹ́ kọ 10. Láti ìgbà yẹn, bí agúnyán bá ti yí padà, máàkì tó wà nílẹ̀ ti kú nìyẹn, a óò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí n kò fi ní dárúkọ búkà kankan fún yín pé ẹ lọ jẹun níbẹ̀ nìyí. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ọwọ́ tí mo jẹ lè ti lọ.

Bí a ṣe ń pín 10 wa rèé: iyán ní 5, ọbẹ̀ ní 3, ẹran ní 1, omi ìfọwọ́ àti ìmọ́tótó ní 1. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin fún ẹran ní 4. Ẹran ló ń tan èèyàn jẹ jù lọ ní búkà. Bókotò tó rọ̀ dáadáa tàbí ọ̀yà yíyan lè mú kéèyàn gbé iyán burúkú mì láìmọ̀. Òkèlè méjì àkọ́kọ́, ẹ jẹ ẹ́ lófìfo, ẹ má fi kan ọbẹ̀ rárá. Kẹ́ ẹ fún iyán ní máàkì tiẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ti ọwọ́ bọ ọbẹ̀. Ní ti ọbẹ̀, ẹ wo àwọ̀ ẹ̀fọ́ inú ẹ̀gúsí. Bó bá ti dúdú tó sì ti rọ̀ jọ, wọ́n ti gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta. Kí irú sì ta sánsán, n kò lè fún ọbẹ̀ tí kò ní irú ju 1 lọ.

Kí kálukú yín kọ máàkì tiẹ̀ sórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti ti èkejì síbì kan. Ẹ má sì kó máàkì yín pọ̀ pín sí méjì. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí ewúro pọ̀ nínú ẹ̀gúsí, kó sì korò díẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ni tèmi. Ọbẹ̀ tóun fún ní 3 tí mo fún ní 1, bí a bá kọ 2 síbẹ̀, ta ló jẹ 2? Àwa méjèèjì la máa ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ràn ewúro lè mọ ibi tó máa lọ. Nítorí náà, 3 àti 8 tẹ́ ẹ kọ yẹn kò yà mí lẹ́nu rárá. Ẹ má parẹ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, ẹ kàn kọ aago, ọjọ́ àti oṣù sí i, kẹ́ ẹ sì jọ padà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ pé búkà náà ò dáa.

Àwọn kan á sọ fún yín pé bẹ́ ẹ bá fẹ́ iyán gidi, ẹ kọjá sí Adó-Èkìtì. Títí di 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa, n kò sì bá wọn du iyán. Àmọ́ iyán aago 4 ti Adó náà ti sùn nínú kúlà.

Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀fẹ́ wá kù. Ẹ má gbà á, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín. Bí wọ́n bá ti dá yín mọ̀, tí wọ́n ń kó ẹran tó dáa jù sí àwo yín, ẹ rán ọ̀rẹ́ yín kan lọ kó jókòó sí tábìlì kejì, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n gbé fún un. Tèmi ni pé ohun tẹ́ ẹ ń kọ yìí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn. Obìnrin kan jí ní ìdájí, ó lọ ra ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, ó dáná, ó sanwó agúnyán, ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láago 5 nígbà tí èyí tó dáa ti tán, ẹ sì kọ 3 sí i lórúkọ fún gbogbo ayé. Ìrẹ́jẹ ni, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i. Bó bá jẹ́ pé aago 5 ló ń tà á, tó sì ń gba owó pípé, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ aago.

Ẹ tún béèrè bóyá kẹ́ ẹ fi pupuru kún un. Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má fi òṣùwọ̀n iyán wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gẹ́ ni pupuru. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣù ú ní róbótó, wọ́n á yan án lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú, wọ́n á wá ha dúdú náà kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Òórùn èéfín gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí kò bá ní in kò pé. Oúnjẹ àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ní Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa, pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó tàbí ẹja tútù, kẹ́ ẹ tó fún ti Àkúrẹ́ ní máàkì kankan. Ọ̀rẹ́ mi kì í jẹ ẹ́, nítorí náà máàkì tèmi nìkan ni mo ní lórí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́hùn-ún, ẹ kọ̀wé sí mi ṣáájú, mo lè bá yín lọ.